Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: ẹ fi owó kànga dẹ̀rọ kan dá ilé asẹ́ alámọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin Gìwá, ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin nílẹ̀ Ìjẹ̀bú,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti wà lára àwọn tó ń jókòó wò yín lójúde Ọba lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, bí ẹgbẹ́ kan ti ń tẹ̀ lé òmíràn nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Láti ìgbà tí Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025, ti sọ ètò Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, jí, oríṣiríṣi iṣẹ́ ìlú lẹ ti fi owó ara yín ṣe, kànga dẹ̀rọ sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ kànga dẹ̀rọ yìí ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín, nítorí mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín tún ń múra láti gbẹ́ ẹ kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ yọ owó kànga kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ fi dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí a ó ti máa mọ asẹ́ omi láti inú amọ̀ ilẹ̀ wa.

Kànga dẹ̀rọ kan wà ládùúgbò wa tí ẹgbẹ́ kan gbẹ́ fún wa. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí oore ni wọ́n ṣe, a sì jó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù, kò ní òórùn kankan. Ní ọdún kẹta ni ẹ̀rọ tó ń fa omi náà jóná. A dáwó, a tún un ṣe, ó tún jóná. Iná mànàmáná kò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì kó lọ sí Èkó. Nígbà tó yá, gbogbo wa padà sídìí kànga àtijọ́ àti sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ruwà tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi kiri.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tó jóná ló mú mi kọ̀wé sí yín. Nígbà tí omi náà ṣì ń ṣàn dáadáa, mo ní àwọn ìgò kékeré kan nílé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà kan rí. Bébà kan wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan tí a ti rẹ sínú èròjà. Bí a bá da omi tí kòkòrò inú ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀ sí i, tí a sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi náà á dúdú bí ìdí ìkòkò kí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta tó pé. Mo bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ kànga náà sí ìgò mẹ́rin. Mo bu omi kan náà, lẹ́yìn tó ti dé inú dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì nínú ilé mẹ́rin ládùúgbò, sí ìgò mẹ́rin mìíràn, mo sì tò wọ́n sórí pẹpẹ ní kíṣíìnì mi. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ti ẹnu ẹ̀rọ ṣì mọ́ bí mo ṣe bù ú. Nínú mẹ́rin tó ti inú ilé wá, mẹ́ta ti dúdú. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni omi ilé tèmi, èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń mu.

Mo jókòó ti àwọn ìgò náà fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Omi tí a pọn ní mímọ́ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, láàárín ẹnu ẹ̀rọ sí ẹnu ife: nínú kẹ́ẹ̀gì tí a kì í fọ inú rẹ̀, lára ọwọ́ tó ń ki kọ́ọ̀bù bọ dúrọ́ọ̀mù, lábẹ́ ìdérí tí aáyán ń gbà wọlé. Bó ti wù kí kànga jìn tó, kò lè rí ìyẹn ṣe. Ohun tó lè rí i ṣe ni asẹ́ tó wà nínú ilé gan-an, tó sún mọ́ ife.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ mọ àmù. Ní igun yàrá ìyá àgbà mi, àmù kan wà tí a rì sínú yanrìn tútù dé ìdí, ara rẹ̀ sì máa ń tutù rinrin ní ọ̀sán gangan. Bí mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, omi á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ó ń jò. Ìyá àgbà ní rárá, ó ń làágùn ni. Ìlàágùn àmù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń bá yín sọ yìí. Amọ̀ tí a sun kì í ṣe òkúta. Ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí pọ̀ lára rẹ̀, omi ń gba inú wọn jáde sí òde, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ooru inú omi sì ń bá a lọ, ìdí nìyẹn tí omi àmù fi ń tutù. Wàyí o, bí omi bá lè gba ara àmù jáde, tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò sì lè tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé omi tó jáde sí òde gan-an ló yẹ ká mu, kì í ṣe èyí tó kù sínú.

Ohun tí ìkòkò asẹ́ ń ṣe nìyẹn. A ó po ìyẹ̀fun pákó mọ́ amọ̀, a ó fi mọ ìkòkò, a ó sì sun ún. Iná á jẹ ìyẹ̀fun pákó náà tán, níbi tí eérún kọ̀ọ̀kan ti jókòó, ihò á ṣẹ́kù síbẹ̀. Omi á máa gba inú àwọn ihò wọ̀nyí yára, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ tó dá ihò kan sí ọ̀tọ̀ lára èkejì ní ihò tirẹ̀, tó kéré púpọ̀ sí i, tó sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ibẹ̀ ni asẹ́ gangan wà. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín méjì tàbí mẹ́ta péré ni gígùn kòkòrò tó ń fa onígbáméjì àti èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀nà inú amọ̀ náà há tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jù lọ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ á fi há sójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ka irú amọ̀ oníhò bẹ́ẹ̀ mọ́ awọ asẹ́mi, nítorí ó ń jẹ́ kí ohun kan kọjá, ó sì ń dá òmíràn dúró, gẹ́gẹ́ bí awọ inú ara wa ti ń ṣe.

Ayé ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1884, Charles Chamberland, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ní Faransé, fi amọ̀ funfun tí kò ní dídán lára ṣe ọ̀pá asẹ́ tó ń dá bakitéríà dúró, ìyẹn irú kòkòrò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ní 1892, Dmitri Ivanovsky ní Rọ́ṣíà fi irú asẹ́ yẹn sẹ́ oje ewé tábà tó ń ṣàìsàn, oje tó kọjá sì tún ran ewé mìíràn. Ibẹ̀ ni aráyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ohun kan wà tó kéré ju bakitéríà lọ, èyí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, màá padà sí i.

Ní Guatemala ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tó bọ́ sọ́wọ́ amọ̀kòkò. Ní 1981, Fernando Mazariegos, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, ronú ìkòkò asẹ́ kan tí amọ̀kòkò lásán lè mọ nínú amọ̀ àti ìyẹ̀fun pákó. Nígbà tí ìjì Mitch ba Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà jẹ́ ní 1998, Ron Rivera, amọ̀kòkò tó ń bá ẹgbẹ́ Potters for Peace ṣiṣẹ́ ní Nicaragua, gbé e dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, ó ń kọ́ àwọn amọ̀kòkò, ó sì ń bá wọn dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò gba ẹ̀tọ́ pé òun nìkan ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, ó kọ́ ọ. Ní 2008, ó wá sí Nàìjíríà fún iṣẹ́ kan náà. Ibà kọ lù ú níhìn-ín, nígbà tó sì padà sí Nicaragua, ibà náà ló pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹnìkan kú sídìí kíkọ́ wa ní ohun tí amọ̀ ilẹ̀ wa lè ṣe. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé a jẹ gbèsè.

Èmi náà ti dán an wò. Mo lọ bá ìyá amọ̀kòkò kan ní abúlé kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́. Ìyá wò mí títí. Wọ́n ní, “Tíṣà, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ìkòkò tó bá ń jò, ìtìjú amọ̀kòkò ni. Èyí tó ń jò lẹ wá ní kí n mọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ṣùgbọ́n jíjò tí a wọ̀n ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

A sá amọ̀, a gún un lódó, a fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú. Ìyẹ̀fun pákó kò ná wa ní kọ́bọ̀, nítorí òkìtì rẹ̀ ni wọ́n ń dáná sun lẹ́yìn àwọn ibi ìlapákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí èéfín rẹ̀ ń bo ojú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí mo tẹnu mọ́ ni pé kó má ṣe jẹ́ ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a kò ku ìyẹ̀fun pákó náà. Ẹ̀gún pákó tó gùn tó igi ìṣáná wà nínú rẹ̀, nígbà tí a sì sun ìkòkò tán, tí a da omi sí i, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí gbogbo rẹ̀ fi dà lọ. Ní ìgbà kejì, a kù ú kúnná, a sun ún ní gbangba pẹ̀lú igi àti ewé gbígbẹ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Omi kò jáde. Mo fọ́ ọ̀kan wò: pupa lóde, dúdú nínú bí èédú. Iná kò dé àárín, ìyẹ̀fun pákó kò jóná tán, gbogbo ọ̀nà omi dí. Ní ìgbà kẹta, a yá ààrò onílẹ̀kùn lọ́wọ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú iná gbóná títí ó fi kọjá 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó tutù. Ìkòkò mẹ́tàlá la sun. Nígbà tí ìyá fi ìka kan èyí tó dára lára, ó dún bí agogo. Èyí tó ti sán dún bẹ̀lẹ́. A rẹ wọ́n sómi di ọjọ́ kejì, a kún wọn, a sì wọn ohun tó kán sílẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Mẹ́rin ló yege. Nínú iṣẹ́ yìí, èyí tó ń sẹ́ omi tó lítà kan sí lítà méjì àbọ̀ ní wákàtí kan la máa ń gbà. Bó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ihò ńlá tàbí sísán wà lára rẹ̀, bó bá sì lọ́ra jù, ẹni tó rà á á pa á tì, á padà sídìí dúrọ́ọ̀mù. Mẹ́sàn-án tó kù, ìyá fúnra wọn ló fọ́ wọn. Mo bu omi kànga àtijọ́, èyí tó ń sọ ìgò di dúdú ní ọjọ́ kan ṣoṣo, mo sẹ́ ẹ nínú mẹ́rin náà, mo sì tún tò ó sínú àwọn ìgò mi. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí èyí tó dúdú.

Èyí tí a ṣe kò tíì pé. Ní àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, wọ́n máa ń fi omi fàdákà tó kúnná kun ìkòkò náà, nítorí fàdákà ń pa kòkòrò tó bá há sára amọ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi tí fàdákà inú rẹ̀ kò bá ju 0.1 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan kò léwu fún ìlera. Ìkòkò náà yóò jókòó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó ní ìdérí lókè àti táàpù nísàlẹ̀, kó má baà sí ọwọ́ tó máa kan omi mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ. Fún mi, táàpù yẹn ṣe pàtàkì tó ìkòkò fúnra rẹ̀.

Kò sì yẹ kó mọ sí ìkòkò nínú ilé. A lè fi irú amọ̀ kan náà ṣe awo pẹlẹbẹ tàbí ọ̀pá oníhò tí a ó tò sínú àpótí kan fún odidi ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn. Awọ asẹ́mi olówó ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, alumínà, ìyẹn èròjà tó jẹ́ àpapọ̀ aluminíọ̀mù àti ọ́síjìn, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba iná tó ju 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó gan. Amọ̀ àti kaolini, ìyẹn amọ̀ funfun, kò béèrè iná tó bẹ́ẹ̀, ìdí pàtàkì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi lè wálẹ̀. Sítáàṣì sì wà lára ohun tí a lè pò mọ́ ọn dípò ìyẹ̀fun pákó kí ihò rẹ̀ lè ṣe déédéé. Ilẹ̀ wo ló tún ní ẹ̀gẹ́ ju ilẹ̀ gàrí Ìjẹ̀bú lọ? Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka kẹ́mísírì ní Ìjagun àti Àgọ́-Ìwòyè jókòó ti ìbéèrè yìí.

N kò fẹ́ kí ẹ gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Asẹ́ alámọ̀ kì í yọ iyọ̀ kúrò nínú omi. Bí omi kànga kan létí òkun níhà Ògùn Waterside bá níyọ̀, yóò wọlé níyọ̀, yóò sì jáde níyọ̀. Kì í yọ epo bẹntiróò tó bá jò láti ilé epo wọ inú kànga, kì í sì yọ òjé tó ti yòrò. Ìpẹtà pupa tó ń mú omi wa dà bí omi ọsùn, ó lè dá a dúró lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti kan omi náà tí ìpẹtà náà sì ti gbá jọ, ṣùgbọ́n yóò tètè dí ojú ìkòkò, àfi kí a máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ láìfi ọṣẹ sí i. Fáírọ́ọ̀sì tí oje ewé Ivanovsky fi hàn wá kéré jù fún un: ọ̀pọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpín kan ṣoṣo lára 1,000 tí mo ní kí a pín mílímítà sí, púpọ̀ nínú wọn á sì kọjá. Nítorí náà, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, a ṣì gbọ́dọ̀ se omi tàbí kí a fi kòlórínì tí a wọ̀n sí i lẹ́yìn tí a bá ti sẹ́ ẹ.

Ó sì ń fọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cambodia, tí UNICEF àti Báńkì Àgbáyé jọ gbé jáde ní 2007, rí i pé ìgbẹ́ gbuuru fi ìdá 46 nínú 100 dín kù ní àwọn ilé tó ń lo ìkòkò asẹ́ ju àwọn ilé tí kò lò ó lọ. Ṣùgbọ́n ó tún rí i pé lóṣooṣù ni nǹkan bí ilé 2 nínú 100 ń dẹ́kun lílò rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nítorí pé ìkòkò fọ́ tí wọn kò sì rí òmíràn rà. Kókó ẹ̀bẹ̀ mi wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹgbẹ̀rún ìkòkò láti òkè òkun, tí ẹ pín in lójúde Ọba, kò ní pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi di àpáàdì. Ilé iṣẹ́ ni kí ẹ dá sílẹ̀, èyí tí ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá fọ́ ní ọjọ́ Ajé á ti lè ra òmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ohun tí ilé iṣẹ́ náà nílò kò ju agbára yín lọ. Ó nílò ilẹ̀ tó lórùlé, ẹ̀rọ tó ń gún amọ̀, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tó dára, ààrò onílẹ̀kùn tó lè gbóná débi tí mo sọ, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀kòkò kan tí àwọn wẹ́dà wa lè ṣe, nítorí jáàkì tí mẹ́káníìkì fi ń gbé lọ́rí sókè ló ń tẹ amọ̀ náà sínú mọ́ọ̀dù tó ń fún un ní ìrísí ìkòkò. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ni kó ní ìpín nínú rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn wá gba owó iṣẹ́ òòjọ́ níbẹ̀. Ìmọ̀ ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, wọ́n sì ti ń dàgbà láìsí ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má pín ìkòkò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á ní owó tí olóko lè san, kí owó náà sì máa gbé iṣẹ́ náà dúró nígbà tí ojú yín bá kúrò lára rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo bẹ̀ yín nítorí àyẹ̀wò. Kí a wọn ìṣàn omi gbogbo ìkòkò, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kí a sì fọ́ èyí tí kò bá yege lójú gbogbo èèyàn. Kí a mú díẹ̀ nínú ohun tí a bá sun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí ìgò mi tó ń dúdú kò tó fún ilé iṣẹ́: òdiwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, kò gba ẹyọ kòkòrò E. coli, ìyẹn kòkòrò inú ìgbẹ́, kan nínú 100 mílílítà omi. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yín sára ìkòkò náà, ó sì tọ́ sí yín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé lẹ́yìn àyẹ̀wò ni a ó tẹ̀ ẹ́.

Ìkòkò mẹ́rin náà wà ní pálọ̀ mi, ọ̀kan nínú wọn la sì ń mu omi rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí Gìwá kan tàbí ẹnikẹ́ni tí ẹgbẹ́ bá rán bá fẹ́ rí i, èmi àti ìyá amọ̀kòkò ti fẹnu kò pé a ó wà nílé ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé títí Iléyá á fi dé. Kí wọ́n bu omi kànga ilé wọn dání wá, kí a jọ sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì mú ìgò náà lọ sílé láti fi ojú ara wọn wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.